KÍ ÌBỌN TÓ WỌLÉ: Ẹ̀kọ́ lórí Ìṣọ́ra pẹ̀lú Ohun Ìjà nínú Ilé

ÈTE Ẹ̀KỌ́

Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán tí wọ́n sì jíròrò lórí rẹ̀, ó yẹ kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ lè:

1. ṣàlàyé ohun tí ó ń mú kí ìbọn ṣèèṣì yìn nínú ilé;
2. sọ ìgbésẹ̀ tí ẹni tí ó ní ìbọn gbọ́dọ̀ gbé kí ó tó gbé e wọlé, àti bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀;
3. mọ ohun tí òfin ilẹ̀ wa là kalẹ̀ lórí níní ìbọn àti lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bá bà;
4. dábàá ohun kan tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ lè ṣe kí oṣù yìí tó parí.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè tàbí ti ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ ọmọlúàbí ni: ìbọn ọdẹ, ìbọn àgbẹ̀, ìbọn ẹni tí ń ṣọ́ àdúgbò, tí ó wá di ohun ìbànújẹ́ nínú ilé ẹni tí ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé kan. Baálé ilé náà jẹ́ àgbẹ̀, ó sì tún ń ṣe ọdẹ. Ó lọ ṣọ́ oko ní òru nítorí àwọn ẹranko tí ń jẹ iṣu rẹ̀. Kò rí ẹran kankan yìnbọn sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó padà sílé. Ẹ̀tù tí ó kì sínú ìbọn náà ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé owó ni ó fi rà á, kò sì fẹ́ fi í ṣòfò. Ó gbé ìbọn ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó ní òun yóò tún padà lọ ní alẹ́. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó sùn. Ní ọ̀sán, ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ wọ yàrá láti wá bọ́ọ̀lù. Ó rí ohun tí ó máa ń rí ní èjìká bàbá rẹ̀. Ó gbé e, ó dojú rẹ̀ kọ àbúrò rẹ̀, ó sì fi ẹnu dún bí ìbọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdé ti máa ń ṣe. Ìbọn náà sì dáhùn.

A kò fún ilé yìí ní orúkọ, nítorí pé àpẹẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yín tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ mọ ìtàn kan tí ó jọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń darí ẹ̀kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìjókòó pé: nígbà wo ni ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀? Ẹlòmíràn yóò ní ìgbà tí ọmọ náà fọwọ́ kan ìbọn ni. Ẹlòmíràn yóò ní ìgbà tí bàbá gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni. Ìdáhùn tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kí a mú lọ sílé ni pé ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ní òwúrọ̀, nígbà tí ìbọn wọlé pẹ̀lú ẹ̀tù nínú rẹ̀. Ìgbà tí ó ti wọlé bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí ó kù ni ọwọ́ kan tí yóò kàn án. Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a ó sọ: ìbọn kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé pẹ̀lú ẹ̀tù tàbí ọta nínú rẹ̀.

ÌPÍN KÌÍNÍ: Kí ni ó ń mú kí ẹ̀tù máa gbé inú ìbọn?

Kí a tó lè ṣe àtúnṣe, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn fi ń ṣe ohun tí kò mọ́gbọ́n dání. Ìdí náà wà nínú bí ìbọn ìbílẹ̀ ṣe rí.

Ìbọn ṣakabùlà ni ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa. Láti ẹnu rẹ̀ ni a ti ń kì í. A ó kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i, a ó fi òwú tàbí àkísà kì í mọ́lẹ̀, a ó da ọta lé e, a ó sì tún fi òwú dé e kí ọta má baà dà sílẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni a fi ń gún gbogbo rẹ̀ títí yóò fi le. Lẹ́yìn náà ni a ó fi kápù, ìyẹn ohun kékeré tí ń ṣẹ́ná, sí abẹ́ òòlù ìbọn. Bí a bá fa apátí, òòlù yóò lu kápù, iná yóò gba ihò kékeré kan wọlé bá ẹ̀tù, ẹ̀tù yóò gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì ti ọta jáde.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀nà àtiwọlé rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijáde kò rọrùn. Ìbọn ìgbàlódé tí a ń ṣẹ́ ní àárín, ìka méjì ni a fi ń yọ ọta rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà tí a ti kì, ọ̀nà méjì péré ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè gbà jáde: kí a yìn ín, tàbí kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà fi irin oníkọ́ fa òwú àti ọta jáde díẹ̀díẹ̀, kí ó sì da ẹ̀tù nù. Ti àkọ́kọ́ ń ná ni ní owó, ti èkejì ń gba àkókò. Ìdí nìyí tí ọdẹ tí kò rí ẹran pa fi ń gbé ìbọn rẹ̀ padà sílé bí ó ti gbé e jáde. Kì í ṣe ìkà, kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀tù ni ó ń ṣọ́ ná. Ìwọ̀nba ẹ̀tù tí a ń yìn lẹ́ẹ̀kan ni ó fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ ṣe ìdúró fún, kò sì mọ̀.

Àwọn èrò mẹ́rin mìíràn tún wà tí ó ń tan ènìyàn jẹ.

Èkíní ni pé, "Mo ti yọ kápù rẹ̀." Yíyọ kápù dára, ó sì yẹ ní ṣíṣe, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ̀tù ṣì wà nínú, iná tàbí ooru sì lè ran án. Bí alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà bá fi iná sí ara ìbọn tí a kò tú, ìbọn náà lè yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa apátí.

Èkejì ni pé, "Mo gbé e kọ́ sókè, ọwọ́ ọmọdé kò lè tó o." Ọmọdé mọ bí a ṣe ń gun àga. Yàtọ̀ sí èyí, ìbọn tí a gbé kọ́ lè já bọ́. Òòlù ìbọn tí ó ti gbó lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìbọn bá ṣubú, tàbí bí okùn tàbí aṣọ bá kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni pé, "Ọmọ mi gbọ́ràn, mo ti kìlọ̀ fún un." Ìkìlọ̀ dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbọ́ràn jù lọ náà ní ọ̀rẹ́ tí ń bá a ṣeré, ọ̀rẹ́ náà kò sì gbọ́ ìkìlọ̀ yín. Àgbàlagbà ni ó ni ẹrù ìṣọ́ra. Kò yẹ kí a gbé e lé ọmọdé lórí.

Ẹ̀kẹrin ni pé, "Ìbọn náà ti pẹ́, ẹ̀tù inú rẹ̀ yóò ti kú." Ẹ̀tù kì í kú nítorí ọjọ́ orí. Bí omi kò bá dé ibẹ̀, ó lè wà nínú ìbọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó sì gbiná ní ọjọ́ tí a kò retí. Nítorí náà, ìbọn tí bàbá fi sílẹ̀ lórí àjà kí ó tó kú, ìbọn tí ó kún ni kí ẹ kà á sí. Ẹ má ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún ìran wíwò. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá náà, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n wá gbé e.

ÌPÍN KEJÌ: Òfin márùn-ún fún ẹni tí ó ní ìbọn

1. Gbogbo ìbọn ni kí o kà sí ìbọn tí ó kún, títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Má ṣe gba ẹ̀rí ẹnu ẹlòmíràn. Ẹni tí ó sọ pé "òfìfo ni" lè jẹ́ olóòótọ́, kí ó sì gbàgbé.

2. Má ṣe kọ ẹnu ìbọn sí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe eré, ì báà ṣe òfìfo. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun? Bí o bá ń gbé ìbọn rìn, ilẹ̀ tàbí ibi tí kò sí ènìyàn ni kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí.

3. Má ṣe fi ìka kan apátí àfi ìgbà tí o bá ti ṣe tán láti yìn ín, tí o sì ti rí ohun tí o fẹ́ yìn ín sí àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó kọsẹ̀ pẹ̀lú ìka lórí apátí kò ní àkókò láti ronú.

4. Tú ìbọn kí o tó dé ilé. Bí ó bá jẹ́ ìbọn tí a ń ṣẹ́ ní àárín, yọ ọta rẹ̀, kí o sì fi ojú wo inú ihò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣakabùlà, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń fa ẹ̀tù jáde, yìn ín sínú ebè tàbí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ gíga ní ìgbẹ́, níbi tí o ti rí i dájú pé kò sí ẹnikẹ́ni. Má ṣe yìn ín sí òkè, nítorí ohun tí ó gòkè ń bọ̀ wá sílẹ̀. Má ṣe yìn ín sí àpáta, nítorí ọta lè ta padà. Bí ìbọn bá kọ̀ tí kò yìn, má ṣe yí ẹnu rẹ̀ padà, má sì ṣe yọjú wo inú rẹ̀. Jẹ́ kí ó kọjú sí òkìtì náà fún ìṣẹ́jú méjì ó kéré tán, nítorí iná lè máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀tù tí ó lọ́ rinrin.

5. Ya ìbọn, ẹ̀tù àti kápù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbọn nínú àpótí tí a tì. Ẹ̀tù àti ọta nínú àpótí mìíràn tí a tì, tí ó jìnnà sí ààrò, àtùpà, sìgá àti jẹnẹrétọ̀. Kápù ní ibi kẹta. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lára ẹni tí ó ni ìbọn, kì í ṣe lórí ìṣó tí gbogbo ilé mọ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ dájú pé kò sí nǹkan nínú ṣakabùlà? Ọ̀nà kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Mú ìbọn tí a ti yìn tí a sì ti nu inú rẹ̀ mọ́. Ti ọ̀pá tí a fi ń kì í bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Fi ọ̀bẹ fín àmì yíká ara ọ̀pá náà ní ibi tí ó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Láti ọjọ́ náà lọ, bí o bá fẹ́ yẹ ìbọn wò, kọ́kọ́ yọ kápù, kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò sí ènìyàn, yẹ orí àti ara rẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí o sì rọra ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀. Bí àmì bá bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí àmì bá dúró sókè, ẹ̀tù àti ọta ń bẹ ní ìsàlẹ̀. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀pá àti àmì tirẹ̀. Má ṣe fi ti ọ̀kan wọn òmíràn.

Àwọn ìyàwó àti àwọn ìyá ní ipa nínú èyí. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Nígbà tí baálé bá ń bọ̀ láti oko tàbí láti ibi ìṣọ́, kí ìkíni ẹnu ọ̀nà má ṣe parí sí "ẹ kú àbọ̀" nìkan. "Bàbá Tóyìn, ẹ kú àbọ̀ o. Ṣé wọ́n ti tú ìbọn?" Kí òun náà dáhùn láìbínú pé, "A ti tú u, ẹ wo àmì." Bí ilé bá sọ èyí di àṣà, kò ní pẹ́ tí ọmọdé pàápàá yóò fi mọ̀ pé ìbọn jẹ́ ohun tí a ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí ó tó wọlé.

Ní ti àwọn ọmọdé, ohun mẹ́ta ni kí a kọ́ wọn. Bí ẹ bá rí ìbọn níbikíbi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ lọ sọ fún àgbàlagbà. Kí a sì ṣèlérí fún wọn pé ẹni tí ó bá wá sọ kò ní jẹ ìyà.

ÌPÍN KẸTA: "Kí ni n ó fi gba ara mi ní òru?"

Ìbéèrè kan wà tí kì í ṣaláì yọjú nígbàkúùgbà tí a bá sọ̀rọ̀ yìí: "Bí ìbọn mi bá wà ní òfìfo, kí ni n ó fi gba ara mi bí àwọn ajínigbé bá dé ní òru?" Ìbéèrè náà tọ́. Ní àwọn ìletò gúúsù Kwara àti ìwọ̀-oòrùn Kogi, ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní oko, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ wá ohun ìjà. A kò ní kí ẹnikẹ́ni káwọ́ gbera.

Ohun tí a ń sọ ni pé kí a ya ìṣọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára oorun. Ẹni tí ó sùn kò lè ṣọ́ ilé, bí a tilẹ̀ kì ìbọn mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a jí lójijì, tí ó ń fọwọ́ wá ìbọn nínú òkùnkùn, lè ṣe àṣìmọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tí ó jáde lọ tọ̀ sí ẹsẹ̀ olè. Ìbọn tí a kì sílẹ̀ de olè, ará ilé ni ó máa ń kọ́kọ́ bá pàdé, nítorí pé olè lè má dé ní ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń wọ yàrá.

Ìṣọ́ gidi jẹ́ ti àwọn tí ó jí: tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ẹgbẹ́, tí wọ́n ní ìwé àṣẹ, tí àwọn ọlọ́pàá àdúgbò mọ̀ wọ́n, tí wọ́n sì ń pín òru ṣe láàárín ara wọn. Ìbọn wọn wà lọ́wọ́ wọn níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n péjọ sí ibi kan ní ẹ̀yìn ìlú, kí wọ́n tú ìbọn wọn lójú ọ̀gá wọn, kí ó sì fi ọ̀pá alámì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ẹnikẹ́ni tó gba ilé lọ. Ẹgbẹ́ tí ó ń dá owó fún ìṣọ́ gbọ́dọ̀ ka ẹ̀tù tí a ń yìn dànù ní òwúrọ̀ mọ́ owó ìṣọ́. Bí a bá fi ìnáwó yẹn sílẹ̀ fún ọdẹ nìkan, òun náà yóò máa ṣọ́ ẹ̀tù ná, a ó sì tún padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣà méjì mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a sọ ojú abẹ níkòó nípa wọn. Àkọ́kọ́ ni yíyin ìbọn láàárín èrò níbi ìsìnkú àti ọdún. Bíbu ọlá fún ọdẹ tí ó lọ dára, ṣùgbọ́n kí a ṣe é ní gbangba tí ó jìnnà sí àwọn ènìyàn, láti ọwọ́ ẹni tí kò mu ọtí, láìkì ọta sí i. Èkejì ni dídán ayẹta wò. Ìròyìn ti jáde léraléra ní ilẹ̀ wa nípa ọ̀dọ́ tí ó ní kí ọ̀rẹ́ òun yìnbọn lu òun láti mọ̀ bóyá oògùn jẹ́, tí ó sì kú níbẹ̀. Ẹni tí ó yìn ín ni ó kù tí a ó mú lọ sí ilé ẹjọ́.

ÌPÍN KẸRIN: Ohun tí òfin sọ

Òfin tí ó de ìbọn ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1959. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìíní ni àwọn ìbọn tí a kà léèwọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Láìsí àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní i. Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn ọdẹ ìgbàlódé, tí a ń gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lábẹ́ àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ìsọ̀rí kẹta ni ìbọn tí a ń kì láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àti irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣakabùlà kò nílò ìwé àṣẹ nítorí pé alágbẹ̀dẹ ìlú ni ó rọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó nílò rẹ̀, àìní rẹ̀ sì lè sọ ọmọlúàbí dèrò ẹ̀wọ̀n.

Òfin náà tún sọ àwọn tí a kò gbọdọ̀ fún ní ìwé àṣẹ: ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa tó, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún tí ó ṣáájú. Ẹ wò ó dáadáa: ìṣọ́ra ni ó wà ní ìdí gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2021, Ìjọba Àpapọ̀ tún dá ibùdó kan sílẹ̀ lábẹ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, láti máa mójútó àwọn ohun ìjà kéékèèké ní orílẹ̀-èdè yìí.

"Mo ṣèèṣì ni" kì í fi gbogbo ìgbà gba ènìyàn sílẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn wa ní gúúsù àti ní àríwá mọ ìyàtọ̀ láàárín jàǹbá tí kò sí ẹni tí ó lè dènà rẹ̀ àti ikú tí àìbìkítà fà. Ẹni tí ó fi ìbọn tí ó kún sí ibi tí ọmọdé ti lè rí i yóò ní ọ̀rọ̀ láti sọ níwájú adájọ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 33, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ìyè. Abala 23 ka ìkóra-ẹni-níjàánu mọ́ àwọn ìwà tí orílẹ̀-èdè yìí gbé ga. Abala 24 sì sọ ọ́ di ojúṣe wa láti ṣe ohun tí yóò mú ìlọsíwájú àti àlàáfíà bá àdúgbò tí a ń gbé. Ìkóra-ẹni-níjàánu tí òfin sọ kò jìnnà sí wa. Ọdẹ tí ó rẹ̀, tí ebi ń pa, tí ó sì dúró ní ẹ̀yìn ìlú láti tú ìbọn rẹ̀ kí ó tó lọ jẹun, ti mú abala 23 ṣẹ.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: Bí ìbọn bá ba ènìyàn

1. Kọ́kọ́ gbé ìbọn náà kúrò ní ibi tí ọwọ́ lè tún tó o, kí ẹnu rẹ̀ má sì kọjú sí ẹnikẹ́ni.
2. Fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gidigidi, má sì ṣe ṣí i wò léraléra. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ náà, fi òmíràn lé e lórí, kí o máa tẹ̀ ẹ́ lọ.
3. Má ṣe gbìyànjú láti wa ọta jáde. Má ṣe da epo, kẹrosíìnì tàbí àgbo sí ojú ọgbẹ́. Má ṣe fún un ní oúnjẹ tàbí ohun mímu.
4. Da aṣọ bò ó kí ara rẹ̀ má baà tutù, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù lọ láìjáfara. Nọ́ńbà 112 ni a ń pè fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì.
5. Sọ òtítọ́ fún dókítà.

Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ni ó ń mú kí àwọn mìíràn fi ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ pamọ́ sínú yàrá, tàbí kí wọ́n sọ pé igi ni ó gún un. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ èyí: òfin ọdún 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà sọ pé gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yálà ó mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kò mú un wá, yálà ó san owó ìdókòwò tàbí kò san án. Ilé ìwòsàn ni ó ni ojúṣe láti fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de àlàyé. Ẹ gbé e lọ ná.

Kí a má sì gbàgbé ọmọ tí ó fọwọ́ kan ìbọn náà. Kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Bí ilé àti àdúgbò bá ń pè é ní apani, ẹ̀mí méjì ni ìbọn náà gbà. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà, àlùfáà àti olùkọ́ dúró tì í, kí a sì wí fún un kedere pé àgbàlagbà ni ó jẹ̀bi.

OJÚṢE ẸGBẸ́

A dábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ohun tí ó bá lè ṣe nínú ìwọ̀nyí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé:

- kí a yan ibi kan ní ẹ̀yìn ìlú tí ó ní òkìtì iyẹ̀pẹ̀, tí a ó fọwọ́ sí pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, fún títú ìbọn;
- kí a bá kánífíńtà tàbí wẹ́dà àdúgbò sọ̀rọ̀ kí ó kan àpótí olọ́kọ́kọ́rọ́ fún àwọn ọdẹ ní owó tí apá lè ká;
- kí olórí ọdẹ fín àmì sí ara ọ̀pá ìbọn gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀;
- kí a ran àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ láti lọ bá àwọn aláṣẹ;
- kí àwọn tí ń gbé ìgboro, tí wọn kì í ṣe ọdẹ, wádìí ìbọn tí ó wà nínú ọgbà tí wọ́n háyà, kí wọ́n sì béèrè bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú àpẹẹrẹ tí a fi bẹ̀rẹ̀, ẹni mélòó ni ó lè ti dá jàǹbá náà dúró, ní ibo sì ni?
2. Kí ni ó ń mú kí ó ṣòro fún ìyàwó tàbí ọmọ láti béèrè bóyá a ti tú ìbọn? Báwo ni a ṣe lè mú un rọrùn?
3. Ta ni yóò máa san owó ẹ̀tù tí àwọn olùṣọ́ wa ń yìn dànù ní òwúrọ̀?
4. Ìbọn ogún mélòó ni ó wà lórí àjà ní àdúgbò wa? Ta ni yóò bá àwọn ẹbí náà sọ̀rọ̀?

ÌPARÍ

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Kì í ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó pàdánù ọmọ nípa ìbọn tirẹ̀ kì í sọ pé òun kò mọ̀ pé ìbọn ń pani. Ó mọ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé òun fẹ́ tú u, ó rẹ òun ni. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀ràn yìí sí ọwọ́ ẹni tí ó rẹ̀ nìkan. Kí ọ̀gá rẹ̀ béèrè ní ẹ̀yìn ìlú. Kí ìyàwó rẹ̀ béèrè ní ẹnu ọ̀nà. Kí ẹgbẹ́ san owó ẹ̀tù. Bí ọ̀pọ̀ ẹnu bá ń béèrè ìbéèrè kan náà, ìbọn tí ó kún kò ní rí ọ̀nà wọlé.